Ta ló yẹ ká gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ eré ẹṣin lórí tẹlifíṣọ̀n?

Àbúrò tó béèrè lánàá, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa. O ní o ń wo eré ìje ẹṣin àwọn òyìnbó lórí fóònù, pé ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pọ̀ jù, o ò sì mọ èwo lo máa gbà gbọ́: àwọn olóòtú ètò ni, àwọn tó ń sọ ẹṣin tó máa wọlé ni, àbí àwọn tó ń ròyìn eré bó ṣe ń lọ. O tún ní ọ̀gbẹ́ni kan lórí Telegram ní kó o sanwó kí òun máa fún ọ ní ẹṣin tó dájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ níbí, lágbègbè Under-G tí ẹ̀yin ọmọ LAUTECH pọ̀ sí. Ojú mi rí i, etí mi gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ròyìn eré ni kó o kọ́kọ́ fetí sí. Ẹni tó ti gun ẹṣin rí ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ta ẹṣin tó máa wọlé ló kẹ́yìn pátápátá.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀kan kúrò lọ́nà. Ẹṣin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ níbí kì í ṣe ẹṣin rárá. Virtual ni. Kọ̀ǹpútà ló ń yàwòrán rẹ̀, òun náà ló ń mú nọ́ńbà tó máa wọlé, kí ìṣẹ́jú mélòó kan sì tó kọjá, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹṣin yẹn kì í jẹ koríko, kì í rẹ̀ ẹ́, òjò kì í rọ̀ sí pápá rẹ̀, kò sì ní ìtàn kankan lẹ́yìn. Ohùn tó ń pariwo lórí rẹ̀, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ tipẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ èyí tó máa wọlé nínú virtual, irọ́ ló ń pa, ì báà jẹ́ pé ó ń gbàwẹ̀ ó ń gbàdúrà sí i. Mo ti rí ọmọkùnrin tó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ń wá bí wọ́n ṣe ń tò léra. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, torí pé orí rẹ̀ pé, ìwé rẹ̀ mọ́, ohun tó ń wá ni kò sí níbẹ̀.

Eré gidi ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC àti Channel 4 ló ń gbé àwọn eré ńlá sáfẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ọwọ́ ITV ló wà. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tí ìròyìn eré jẹ́, lọ sórí YouTube, kó o wá Grand National ọdún 1967. Liverpool ni wọ́n ti ń sá eré yìí, ní pápá Aintree, ó lé ní máìlì mẹ́rin, ẹṣin á sì máa fo odi lọ́nà. Ẹṣin 44 ló sá lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n dé odi kẹtàlélógún, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn odi tó kéré jù níbẹ̀, ẹṣin kan tó ti gbé ẹni tó gùn ún ṣubú tipẹ́, Popham Down, ṣàdédé ya gba iwájú àwọn yòókù. Ni wọ́n bá ń forí sọra wọn. Èyí dúró, ìyẹn yí padà, òmíràn ju ẹni tó gùn ún sókè odi. Láàárín ìdàrúdàpọ̀ yẹn, ẹṣin kan tó wà lẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, rí àyè kékeré kan, ó fò ó, ó sì ń lọ ní òun nìkan. Foinavon lorúkọ rẹ̀, 100/1 ni wọ́n fi sí i, ìyẹn ni pé ẹni tó fi náírà kan ta á máa jèrè ọgọ́rùn-ún náírà, òun náà ló sì gbégbá orókè.

Michael O'Hehir, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló ń ròyìn apá ibẹ̀ fún BBC. Tẹ́tí sí i dáadáa. Àwọn agẹṣin ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì, àwòrán dúdú òun funfun ni, kò sí nọ́ńbà tó hàn, síbẹ̀ ó ń dárúkọ àwọn ẹṣin tó há sójú odi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí Foinavon bó ṣe ń já gba ibẹ̀ kọjá, ó dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó lójú idán. Oníṣẹ́ yìí ti há aṣọ àwọn agẹṣin sórí. Gbogbo ẹni tó ni ẹṣin ló ní àwọ̀ aṣọ tirẹ̀ tí agẹṣin máa ń wọ̀, àwọn tó ń ròyìn eré sì máa ń jókòó ti àwọ̀ wọ̀nyẹn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kùn wọ́n sórí ìwé, wọ́n á máa tún un kà bí ọmọ kéú. Bó o bá gbọ́ orúkọ 44 tó ń jáde lẹ́nu ẹnì kan láìṣì, iṣẹ́ òru ọjọ́ tó ṣáájú lo ń gbọ́ yẹn.

Ìdí tí mo fi fi wọ́n ṣáájú rèé: ohun tí wọ́n ń sọ, gbogbo wa la jọ ń wò ó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti ẹni tó ń ròyìn eré kò lè lọ tó ogún ìṣẹ́jú àáyá, torí pé ojú ìlà ìparí kò jìnnà. Peter O'Sullevan ló ròyìn Grand National 50 fún BBC, títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1997. Ohun kan wà tí mo máa ń fi dán àwọn tó kù wò lára ọkùnrin yìí. Lọ́dún 1974, ẹṣin tirẹ̀ gan-an, Attivo, wà nínú eré kan tí wọ́n ń pè ní Triumph Hurdle, ní pápá Cheltenham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ròyìn eré náà. Ẹṣin rẹ̀ gba ipò kìíní, ohùn rẹ̀ kò gbé e ga ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó lè ṣèyẹn nígbà tí owó òun fúnra rẹ̀ ń sáré lórí pápá, mo lè fọkàn tán an. Lára àwọn tòní, Richard Hoiles ti ITV ni mo fẹ́ràn jù. Òun ló ròyìn Grand National ọdún 2021 tí Rachael Blackmore di obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á, lórí Minella Times. Kì í tètè pariwo. Tí ohùn rẹ̀ bá ti gòkè, wá wo ibi tó ń wò, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó ti gun ẹṣin rí wá ńkọ́? Ruby Walsh gba Grand National lẹ́ẹ̀mejì kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2019. A. P. McCoy jẹ́ ọ̀gá agẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lógún ìgbà. Nígbà tí irú wọn bá dá fídíò padà, tí wọ́n ní ẹṣin yìí tètè gbẹ́sẹ̀ ní odi tibí, ó pàdánù ìṣísẹ̀ méjì, torí ẹ̀ ni kò fi rọ́wọ́ mú nígbà tó yá, kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó o lè lò lọ́jọ́ mìíràn nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí àwọn náà wá mú ẹṣin tó máa wọlé, wọ́n ti kúrò ní ibi ìmọ̀ wọn nìyẹn, wọ́n ti di bí èmi àti ìwọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Má sì máa fo ibi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin rìn yípo kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Francesca Cumani, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ẹṣin, mọ ibẹ̀ tinútòde. Bàbá àgbà kan máa ń wá jókòó lọ́dọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti tọ́jú ẹṣin ní Ìlọrin nígbà èwe rẹ̀. Wọn kò gbọ́ òyìnbó, wọn kì í sì í ta tẹ́tẹ́. Wọ́n á kàn ní ká rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti fowó lé ẹṣin pupa kan. Bàbá fi ọ̀pá wọn nà án lójú tẹlifíṣọ̀n: òógùn ti ń hó bí ọṣẹ láàárín itan rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fi orí já ìjánu, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọrùn. Wọ́n ní, "Èyí ti sá eré tirẹ̀ tán nílé." Kò pẹ́ sí i ni olóòtú tó dúró níbẹ̀ sọ ohun kan náà lédè òyìnbó. Ẹṣin náà kò sí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹṣin mìíràn máa ń làágùn tó sì máa ń wọlé o, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ohun tí wọ́n sọ yẹn, ojú rí i.

Àwọn tó ń ka iye tí wọ́n fi sí ẹṣin, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. John McCririck, tó kú lọ́dún 2019, gbajúmọ̀ ní Channel 4 pẹ̀lú fìlà àti bó ṣe ń ju ọwọ́ bí àwọn olówó tẹ́tẹ́ orí pápá. Matt Chapman ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní ITV. Ariwo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ó máa ń bi àwọn tó ni ẹṣin ní ìbéèrè tí àwọn mìíràn ń tijú láti bi. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ ni ibi tí owó ń lọ. Owó sì lè lọ síbi tí kò yẹ kó lọ.

Tí wọ́n bá ní 7/1 lórí tẹlifíṣọ̀n, 8.00 lo máa rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì níbí, torí pé àwa máa ń ka owó tó o fi ta á mọ́ ọn. 6/4 jẹ́ 2.50. Kò sí èrè kankan nínú ìyàtọ̀ yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ. Kó o sì mọ̀ pé ilé tẹ́tẹ́ ti mú tirẹ̀ kúrò kí ẹṣin tó gbéra. Ká ní ẹṣin mẹ́rin ló ń sá, tí wọ́n fi 3.50 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó o tó lè gba ₦1,000 lórí èyíkéyìí tó bá wọlé, wàá fi nǹkan bíi ₦286 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦1,144. O san ₦1,144 láti gba ₦1,000. Ẹni tó ń sọ ẹṣin tó máa wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ìyẹn kó tó lè wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ọ̀gbẹ́ni rẹ orí Telegram. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n ń sáré ní Ascot, pápá ẹṣin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíríkìlà kan wá sí káńtà mi, ó na fóònù sí mi, ó ní kí n fi ₦5,000 sórí nọ́ńbà 3. Ọlọ́kadà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà na fóònù tirẹ̀, nọ́ńbà 6, ₦3,000. Eré kan náà. Mo wo fóònù kejì, mo tún wo ti àkọ́kọ́. Àwòrán ọkùnrin kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, "ẹ ta gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní", àmì iná mẹ́ta kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀. Mo gbé fóònù méjèèjì ka orí káńtà, mo pè wọ́n kí wọ́n wò ó. Owó ìforúkọsílẹ̀ ni àwọn méjèèjì san, ẹgbẹ́ tí ó pín wọn sí ni kò jọra. Nọ́ńbà 6 wọlé. Nígbà tó di alẹ́, ọkùnrin náà ti gbé àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì síta pé òun ti tún ṣe é, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà 3 sì ti pòórá nínú fóònù bíríkìlà. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó sì pín ẹṣin mẹ́jọ fún wọn, ìgbà wo ni kò ní rí ẹni tó máa yìn ín? Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí títí dòní, torí pé owó iṣẹ́ oòrùn ni bíríkìlà yẹn gbé wá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ tiwọn ní gbangba lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú ìwé ìròyìn sàn jù, torí wọn kò lè pa á rẹ́. Síbẹ̀, iye ìgbà tí ẹnì kan gbà á kọ́ ni kó o máa kà. Ká ní o fi ₦500 ta ẹṣin mẹ́wàá, ₦5,000 nìyẹn. Ẹni tó gba márùn-ún nínú mẹ́wàá lórí 1.60 dá ₦4,000 padà fún ọ, o pàdánù ₦1,000. Ẹni tó gba méjì péré lórí 8.00 dá ₦8,000 padà. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń pè ní wòlíì ní ṣọ́ọ̀bù. Tún wò ó bóyá líǹkì ilé tẹ́tẹ́ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ máa ń sanwó fún ẹni tó bá mú oníbàárà wá, nígbà mìíràn ìpín nínú owó tí oníbàárà yẹn pàdánù ni. Ẹni tó ń jẹ nínú àdánù rẹ, báwo ló ṣe máa fún ọ ní ẹṣin tó dára?

Má tíì sanwó. Ní kí ọ̀gbẹ́ni náà fi gbogbo ẹṣin tó sọ láti oṣù méjì sẹ́yìn ránṣẹ́ sí ọ, èyí tó wọlé àti èyí tí kò wọlé, pẹ̀lú aago tó fi ránṣẹ́ àti iye tí wọ́n fi sí i. Kó o sì bi ọ̀rẹ́ rẹ kan tó wà ní ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn léèrè ohun tí wọ́n rí gbà lọ́jọ́ kan náà. Tó bá fi ránṣẹ́, gbé e síbí, a jọ máa ṣírò rẹ̀.