Ìkànnì mẹ́rin lórí sáfà kan nílé: ẹ wo IP ráútà yín kí ẹ tó ra NVMe

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ní mini PC kan nílé, ẹ fẹ́ fi ṣe sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde fáráyé), kí ẹ gbé ìkànnì mẹ́rin sórí rẹ̀, ti ilé ẹ̀kọ́ kan wà nínú wọn, ẹ wá ń béèrè irú NVMe (disk tó yára) tó máa jẹ́ kó yá àti ibi tí ẹ máa kó backup sí. Màá dé orí ìyẹn. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ wọ inú ráútà yín, kí ẹ wo IP (nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ̀ yín) tí wọ́n kọ sí WAN, ìyẹn apá tó kọjú síta. Lẹ́yìn náà, ẹ bi Google pé kí ni IP yín. Bí méjèèjì ò bá bára mu, wàhálà ń bẹ.

Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìkànnì àwọn oníbàárà mi ń ṣiṣẹ́ láti ilé, port 80 àti 443 (ilẹ̀kùn tí àlejò ń gbà wọ ìkànnì) ṣí, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ṣàdédé lẹ́nì kan pè pé ìkànnì òun ò ṣí mọ́. Mo ṣí i nílé, ó ṣí. Mo ní kó tún un gbìyànjú, ó kọ̀. Ẹlòmíì pè, ẹlòmíì tún pè. Mo wá pe ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n pa ráútà, kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tàn án. Ó ní kí n ní sùúrù di ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹlòmíì ló gbé e, òun náà tún ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn! Wọ́n rán ẹnjiníà wá. Ó yẹ wáyà wò, ó fi fóònù rẹ̀ ṣe speed test, ó ní, "Ọ̀gá, nẹ́tíwọọ̀kì yín dáa gan-an o," ó bá tiẹ̀ lọ. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ òtítọ́ fún mi pé wọ́n ti kó wa sẹ́yìn CGNAT.

Ohun tó ń jẹ́ CGNAT ni pé nọ́ńbà IPv4 (irú IP àtijọ́) tó wà láyé ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, kò sì kárí mọ́. Ilé iṣẹ́ á mú nọ́ńbà gidi kan, wọ́n á kó ọ̀pọ̀ ilé sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á wá fún ráútà kálukú ní nọ́ńbà abẹ́lé. Láti 2012 ni wọ́n ti ya 100.64.0.0 títí dé 100.127.255.255 sọ́tọ̀ fún un. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72. Ó dà bí ilé face-me-I-face-you tó ní géètì kan ṣoṣo: ẹ̀yin lè jáde nígbà tó bá wù yín, àmọ́ àlejò tó bá dé ò mọ yàrá tó máa kàn. Kò sí port tí ẹ máa ṣí nínú ráútà yín tó máa yanjú ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn ni géètì wà. Sátífíkéètì Let's Encrypt tí mo ń lò fún https ìkànnì, tó jẹ́ ti 90 ọjọ́, náà ò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́, torí port 80 ni Let's Encrypt ń gbà wọlé wá yẹ̀ wá wò.

Cloudflare Tunnel, ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Cloudflare kọjá, ló yọ mí. Sáfà yín fúnra ẹ̀ ló máa jáde lọ bá wọn, ẹ ò nílò port kankan. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n lè rí ohun tó ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Bí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ háyà VPS kékeré (sáfà tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), kí ẹ fi WireGuard (ètò VPN) so ó mọ́ ilé. Bí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá sì ní àwọn máa ta static IP (IP tí kì í yí padà) fún yín, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún yín, kí ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, lórí 622.

Nginx tàbí Caddy ni kí ẹ fi gbé ìkànnì jáde lórí sáfà, ìkànnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú user tiẹ̀ àti database tiẹ̀. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ó wá kan disk. NVMe PCIe 3.0 tó dáa ń ka nǹkan bíi 3,500 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD SATA ń ka bíi 550. Bí upload ilé yín bá jẹ́ 20 megabit, MB 2.5 péré ló lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Database ló máa gbádùn NVMe, ẹni tó ń wo fọ́tò lórí ìkànnì yín ò ní mọ̀ ọ́n. TLC ni kí ẹ rà, kì í ṣe QLC (irú chip inú disk ni méjèèjì). Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi f3 (ètò tó ń dán disk wò) kún un dé ẹnu, torí wọ́n ń ta èyí tí wọ́n kọ 1 TB sí lára tí inú ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ NVMe tí a ń rà ni kò ní ohun tó máa gbé e dúró bí iná bá lọ lójijì. Ínfátà nìkan ò tó: òmíràn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà á, kọ̀ǹpútà á ti kú. Ẹ wá UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró) tó ní okùn USB, kí NUT, ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, máa bá yín pa sáfà bí bátìrì bá fẹ́ tán lóru.

Ti backup, ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé RAID (disk púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀) ti tó. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní consultant gbowó lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo wá bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó to disk méjì sí RAID 1, tí ohun kan náà ń wà lórí méjèèjì, ó ní ọkàn wọn balẹ̀. Akọ̀wé ṣèèṣì pa èsì ìdánwò rẹ́, disk méjèèjì sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tíṣà jókòó, wọ́n ń tún máàkì tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi máa ń kọ́kọ́ lo mysqldump (ó ń da database sínú fáìlì) pẹ̀lú --single-transaction, kí restic, ètò backup, tó kó gbogbo ẹ̀ lóru. Ẹ̀dà kan ń lọ sórí HDD ìta tí kì í wà lára sáfà títí, ìkejì ń lọ sókè òkun. Ẹ má fi sókè òkun nìkan: ní March 14, 2024 tí okùn abẹ́ òkun já lápá Côte d'Ivoire, íńtánẹ́ẹ̀tì di ìnira ní Nàìjíríà. Ẹ kọ password restic sínú ìwé, torí bó bá sọ nù, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Lóṣooṣù, ẹ dá backup padà sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, kí ẹ ṣí ìkànnì náà, kí ẹ wo fọ́tò inú ẹ̀.

Ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn, òfin ààbò dátà ti 2023 kan orúkọ àti èsì àwọn ọmọ. Ẹ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kí ẹ tó gbé orúkọ ọmọ kankan wá sórí disk inú ilé yín.