Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ Má Fi Sìmẹ́ǹtì Sé Omi Mọ́ Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Alámọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọ̀mọ̀lé Hausa ló jọ kọ́ ọ láyé àwọn bàbá wa. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níta nítorí òjò. Ó dán gbinrin nígbà náà. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ ògiri ti wú, ọ̀dà inú ń bó, sìmẹ́ǹtì sì ń já lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Bíríkìlà ní ká tún rẹ́ èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e. Kí ni ká ṣe? *Wọ́dìnì, Zaria*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá bíríkìlà yẹn dúró ná. Omi ló ń ba ògiri yín jẹ́, sìmẹ́ǹtì ni kò sì jẹ́ kó ráyè jáde. Ògiri amọ̀ a máa mu omi lójò, a sì máa tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ nígbà tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ. Bí amọ̀ ṣe ń wú tó sì ń sún kì, òun kì í bá a ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sán. Òjò á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà àbáyọ. Á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ògiri, níbi tí gbogbo ẹrù ilé jókòó lé. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá ni pé ojú ògiri lè ṣì le koko nígbà tí inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

Ẹ máa fi ìka lu ògiri náà láti ìdí rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ yín ga dé. Níbi tó bá ti dún gbì, sìmẹ́ǹtì ṣì lẹ̀ mọ́ amọ̀. Níbi tó bá ti dún bí igbá òfìfo, ó ti ya kúrò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibi òfìfo ká. Bí ògiri bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ìka yín bá ń wọnú ìdí rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ kó ìjọ jáde, kí ẹ sì pe ẹnjiníà tó mọ ilé amọ̀ láti wá fi igi gbé òrùlé ró. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Zaria kò ní gbàgbé ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, tí apá kan mọ́ṣáláṣí àgbà ìlú náà wó lé àwọn tó ń kírun lórí. Wọ́n ti rí ibi tó là lára ògiri kó tó di ọjọ́ náà.

Bí ògiri bá ṣì dúró dáadáa, orísun omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ gun òrùlé. Indararo, ẹnu tó ń da omi òrùlé síta, ṣé ó ti dí? Ṣé ó kúrú débi pé omi ń ṣàn lára ògiri? Ẹ wo ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá da kọnkéré yí ilé ká, omi abẹ́ rẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè gbà ju inú ògiri lọ. Ẹ fọ́ ọ kúrò lẹ́bàá ògiri, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ síta, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5 ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tí òjò bá ti dá, ní oṣù kọkànlá, ni kí ẹ tó bọ́ sìmẹ́ǹtì náà. Èyí tó ti ya kúrò nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ ki irin pẹlẹbẹ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi òòlù gbá a, nítorí èyí tó lẹ̀ dáadáa á já amọ̀ dání. Bí ẹ bá dé ìdí ògiri, ẹ ṣí mítà kan, kí ẹ fo mítà kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀ fún ọyẹ́, kó fẹ́ sí i títí di oṣù kejì. Ìkánjú níbí ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Amọ̀ irú ti ògiri náà gan-an ni kí ẹ fi dí ojú ihò. Ẹ gé koríko gbígbẹ sí i, ẹ pò ó, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan má nípọn ju àtàǹpàkò lọ, kí ó sì gbẹ kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Ní ìparí, ẹ fi makuba rẹ́ ẹ, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi èèpo èso igi tí à ń fi ṣe irú. Ó máa ń dènà òjò, síbẹ̀ kì í sé ògiri lẹ́mìí. Lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ sì tún ibi tó bá ti fọ̀ rẹ́.

Ẹ mú ọ̀mọ̀lé yín lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì St. Bartholomew ní Wusasa, tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní 1929. Bí agbára bá ká a, ẹ dé mùsíọ́mù ilé ìbílẹ̀ tí Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán-ilé ará Poland, dá sílẹ̀ ní Jos, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwòṣe mọ́ṣáláṣí Zaria.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi AC sínú ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀? *Akọ̀wé ìjọ, Kaduna*

Ìdáhùn: A kò gbà yín níyànjú. Omi tó ń kán lára rẹ̀ á máa bọ́ sí ìdí ògiri lójoojúmọ́, ihò tí wọ́n á lu á sì dín agbára ògiri kù. Fáànù tó. Ẹ má gbẹ́ ògiri nítorí wáyà. Inú páìpù tó gba ojú ògiri ni kí ẹ gbé e gbà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣọ́ọ̀ṣì pááríìṣì tó ń lọ ti lé ní 800 ọdún. Òrùlé rẹ̀ ń jò, síbẹ̀ ó lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń wá ìwé àṣẹ. Kí ló dé tí wọn ò kan páànù sí i? *Ìyá Ìjọ, Gwarinpa, Abuja*

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó o, mà. Òjé ló wà lórí púpọ̀ nínú irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ dáadáa, ó lè lò ju 100 ọdún lọ. Bí wọ́n bá gé e gùn jù, oòrùn á máa nà án, òtútù á máa sún un kì, títí á fi ya.

Ní ti àṣẹ, ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń to ilé àtijọ́ sí níbẹ̀: Grade I, tó ga jù, Grade II* àti Grade II. Ó lé ní 12,000 ilé ìjọsìn Church of England tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí. Ìjọ yìí ní ètò tirẹ̀ fún iṣẹ́ ara ilé ìjọsìn, faculty ni wọ́n ń pè é. Ìgbìmọ̀ dáyósíìsì tí wọ́n ń pè ní DAC á gbà wọ́n nímọ̀ràn, adájọ́ dáyósíìsì tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ chancellor ni yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ, wọ́n lè ní kó dá ohun tó bàjẹ́ padà sí bó ṣe wà. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún, ayàwòrán-ilé tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn nípa ilé gbọ́dọ̀ yẹ ilé náà wò. Níbi tí olè bá ti ká òjé lọ, wọ́n a máa gbà nígbà mìíràn kí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ní kí ọmọ yín wo ìdí ilé agogo náà. Láìmù ni wọ́n fi lẹ òkúta wọ̀nyẹn mọ́ra, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun níná. Bí ẹnì kan bá ti fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ìlà tó wà láàárín òkúta lẹ́yìn ìgbà yẹn, á rí i pé sìmẹ́ǹtì yọ síta, òkúta ti jẹ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí erìgì tó sún kúrò lára eyín. Ohun tó ṣe ògiri Wọ́dìnì wa ní Zaria náà nìyẹn. Àtúnṣe ti ògiri olókúta yẹn ni láìmù ìwọ̀n kan sí iyanrìn ìwọ̀n mẹ́ta. Wọ́n á kọ́kọ́ ha ojú ìlà wọlé tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe é nígbà tí òtútù bá wálẹ̀ ju 5°C lọ.

Ìbéèrè: Bí a bá fi ṣọ́ọ̀ṣì wa sínú ìwé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ṣé ìjọba kò ní gbà á lọ́wọ́ wa? *Alàgbà, Sabon Gari, Kano*

Ìdáhùn: Ìkéde nìkan kò gba ilé lọ́wọ́ onílé, sà. NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún mùsíọ́mù àti ohun ìrántí, tí Òfin 77 ti ọdún 1979 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó o. Àmọ́ lẹ́yìn ìkéde, ẹ kò ní lè wó o tàbí yí i padà láìgbàṣẹ wọn. Gidan Makama, mùsíọ́mù tó wà nítòsí yín, wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ ya fọ́tò ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà, òrùlé àti inú rẹ̀. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti bí ògiri ṣe nípọn tó, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà ìwé ìjọ èyíkéyìí tó bá dárúkọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ tàbí ọ̀mọ̀lé tó kọ́ ọ. Ẹ kọ déètì sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan.