Ṣé òun ló yàn án ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọ̀rẹ́ mi kan kó kúrò nílé ọkọ ẹ̀ torí pé ọkùnrin yẹn máa ń lù ú bí ẹní lu bàrà. Gbogbo wa la dìde ràn án lọ́wọ́, kò pẹ́ kò jìnnà ó tún ti padà. Ẹbí ẹ̀ ní ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fà á, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i mọ́. Ká sòótọ́, inú ń bí èmi náà. Àbí kì í ṣe òun ló yàn án ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo gbọ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ló máa ń bínú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "òun ló yàn án" yìí ti yá jù lẹ́nu wa.

Lọ́dún 1967, Edward Jones àti Victor Harris, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú àti ìwà èèyàn ní Amẹ́ríkà, kó àròkọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà, òmíì gbè sẹ́yìn Fidel Castro tó ń ṣàkóso Cuba nígbà yẹn, òmíì bẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n wá là á mọ́lẹ̀ fún àwọn kan pé ẹni tó kọ ọ́ ò mú apá tó wù ú o, wọ́n ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kọ́rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Kò parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣì gbà pé ẹni tó kọ dáadáa nípa Castro, á fẹ́ràn Castro díẹ̀. Àròkọ ló wà níwájú wọn, wọn ò rí ẹni tó pàṣẹ.

Ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún ọ̀rẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó fi rìn padà nìkan lẹ rí. Ta ló wà níbẹ̀ lóru tó ń ṣírò owó iléèwé àwọn ọmọ, bóyá tí mẹ́séèjì ọkọ ẹ̀ sì ń wọlé pé tó bá lọ, kò ní fojú kan àwọn ọmọ yẹn mọ́? Ìgbà tí obìnrin bá sì ń kúrò tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò gan-an lewu ẹ̀ máa ń pọ̀ jù, àwọn tó wà nínú ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń lọ tí wọ́n á tún padà kí wọ́n tó lọ pátápátá. Mi ò ní kò lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣe o. Ó yàn, ṣùgbọ́n kí ló wà níwájú ẹ̀ láti yàn?

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹnu kan náà yẹn á ní ti ọkọ, inú ló ń bí i, kì í mọ ìgbà tó bá ń ṣe é. Háà! Ṣé ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ kì í bí i nínú ni? Ṣó ti gbá ọ̀gá ẹ̀ létí rí? Tó bá lè pa á mọ́ra níta, tó dìgbà tó délé tó tilẹ̀kùn, ó mọ ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó lómìnira jù nínú ọ̀rọ̀ yìí la wá ń bá ṣàwáwí, ẹni tí wọ́n fún mọ́ igun la ní kó lọ jìyà ẹ̀. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Tó bá pè ẹ́, má bi í pé kí ló padà lọ ṣe. Bi í pé kí ló kù tí ò jẹ́ kó lè dúró síta nígbà yẹn. Tó bá ní owó ni, tàbí ibi tóun àtàwọn ọmọ máa sùn, jọ̀ọ́ má jẹ́ kí ẹbí fìyẹn ṣèpàdé, ìwọ àtàwọn tó ràn án lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kó dé etí ọkọ.