Wọ́n Ní Kí A Má Wàásù Lẹ́nu Ọjà Mọ́: Kí Ni Òfin Sọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin agbẹjọ́rò. Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ wa. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń wàásù lẹ́nu ọjà ìlú wa láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ọjà tó kún. Ní oṣù tó kọjá, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wá bá wa pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì, ó ní a kò gbọdọ̀ tún dé ibẹ̀ mọ́, pé bí a bá dé ibẹ̀, àtìmọ́lé ni a ó sùn. Kò fún wa ní ìwé kankan. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn kan nínú wa. Àwọn mìíràn ní kíkọ lẹ́tà sí ìjọba jẹ́ àìnígbàgbọ́, pé ṣe ni kí a kàn lọ, kí wọ́n mú wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé yàtọ̀ sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí mo ń ṣe, èmi náà ti dúró lẹ́nu ọjà rí pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, mo sì mọ bí àyà ṣe máa ń já nígbà tí ènìyàn bá rí ọlọ́pàá tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wàásù, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kan kò sì lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà ní ààlà, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ààlà ọ̀hún wà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ẹjọ́ tí ìhìnrere kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Abala 38 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ẹ̀tọ́ yìí wà. Ó sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní òmìnira èrò, ti ẹ̀rí-ọkàn àti ti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn ẹni padà, àti láti fi ẹ̀sìn ẹni hàn, kí a sì tàn án kálẹ̀, ìbáà ṣe ẹnì kan ṣoṣo tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn, ní ìkọ̀kọ̀ tàbí ní gbangba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka lé ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀: pé a lè tan ẹ̀sìn kálẹ̀, àti pé a lè ṣe é ní gbangba. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ máa wàásù nínú ilé ìjọsìn yín nìkan ti sọ ohun tí òfin kò sọ. Abala 10 tún fi kún un pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Mo ní láti rán yín létí pé ẹ̀tọ́ kan náà ni àwọn oníwàásù Mùsùlùmí tó ń jókòó lẹ́nu ọjà yẹn ní, àti àwọn onífá, àti ẹni tí kò ní ẹ̀sìn kankan. Ẹ̀tọ́ tí a kò bá gbà pé ó jẹ́ ti aládùúgbò wa kò ní lágbára nígbà tí ó bá kàn wá.

Abala 45 ni ààlà wà. Ó gbà pé òfin tó bá bójú mu ní ìlú tí a ti ń ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa lè dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ìdáàbòbò orílẹ̀-èdè, ààbò àti àlàáfíà ará ìlú, ìwà rere láwùjọ, ìlera, tàbí nítorí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ẹ kíyè sí i pé òfin ni abala náà ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mẹ́nu kan ìbínú òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ bi wọ́n ni pé, òfin wo ni ó kọ̀ fún wa, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í hàn yín ní kíkọ. Ó lè jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ní òfin lórí ariwo tàbí lórí dídí ọ̀nà ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ ń tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí etí àwọn tó ń gbé yí ọjà ká, tàbí pé ẹ dúró sójú ọ̀nà tí àwọn alábàárù ń gbà, ẹ̀sùn gidi ni wọ́n ní. Ẹni tó bá dín ohùn gbohùngbohùn rẹ̀ kù kò sẹ́ Olúwa rẹ̀. Ní ti ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá ẹjọ́ lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP bá ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ṣe, pé ará ìlú kò nílò àṣẹ ọlọ́pàá kí wọ́n tó péjọ ní àlàáfíà. Fífi tó wọn létí dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tọrọ ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu yín ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajíhìnrere ti ń kó sọ́wọ́ òfin. Nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò, abala 204 sọ pé ẹni tó bá ṣe ohun tí àwọn ènìyàn kan ka sí ìwọ̀sí ní gbangba sí ẹ̀sìn wọn, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Èmi kò fara mọ́ bí òfin yẹn ṣe gbòòrò tó, ṣùgbọ́n òfin ni. Abala 210 náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìsọjí ọdún 1930 ní Iléṣà. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lọ́dún 1932. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé orúkọ Jésù nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni ìjọba amúnisìn fi mú un. Mo bọlá fún ẹni Ọlọ́run náà, mo sì gbà pé ìgboyà rẹ̀ kò láfiwé. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín má ṣe na ìka sí ìyá arúgbó kan lẹ́nu ọjà. Ó lè ba ayé ìyá náà jẹ́, kò sì sí agbẹjọ́rò tí yóò lè pe ìyẹn ní ìwàásù níwájú adájọ́.

Ní ti àwọn tó ní kíkọ lẹ́tà jẹ́ àìnígbàgbọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ ka Ìṣe Àwọn Aposteli. Ní orí kẹrin, ìgbìmọ̀ àwọn Júù pàṣẹ fún Peteru àti Johanu pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ mọ́ ní orúkọ Jésù, àwọn méjèèjì sì dáhùn gbangba pé àwọn kò lè ṣe aláìsọ ohun tí àwọn ti rí, tí àwọn sì ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àṣẹ kan wà tí Kristẹni kò lè tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ló sọ nípa Paulu, tí wọ́n nà ní Filippi láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onídàájọ́ ní kí wọ́n dá a sílẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ó kọ̀. Ó ní ará Romu ni òun, pé kí àwọn onídàájọ́ náà fúnra wọn wá mú òun àti Sila jáde. Ní Jerusalẹmu, nígbà tí wọ́n ti dè é láti nà án, ó bi balógun ọ̀rún léèrè bóyá ó tọ́ lábẹ́ òfin. Nígbẹ̀yìn, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Kesari. Ọkùnrin tó ti gba pàṣán nítorí Kristi ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ kò tijú láti pe òfin sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Àwọn baba wa tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1849, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn sínú àbà nítorí pé wọ́n fi òrìṣà ìdílé sílẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n lè nà sókè pé ẹ̀tọ́ àwọn nìyí. Ìfaradà nìkan ló kù fún wọn, wọ́n sì fara dà á. Nígbà tó di ọdún 1867, ní ìlú kan náà, ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: wọ́n kó ẹrù inú àwọn ilé ìjọsìn, wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nárì òyìnbó jáde. Ohun tó gbé ìyẹn wá kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ìjà wà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba òyìnbó ní Èkó, àwọn míṣọ́nárì sì ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ìjọba yẹn lójú wọn. Mo mú un wá nítorí pé ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ tó lé yín má bínú sí Jésù rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fẹjọ́ sùn, tàbí pé ìdìbò ń bọ̀ tí wọ́n sì ń bẹ̀rù èrò púpọ̀. Ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní inúnibíni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Kí pásítọ̀ yín àti ẹ̀yin méjì lọ kí ìyálọ́jà, kí ẹ bi í bóyá ariwo yín ń ni àwọn ènìyàn lára. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá teṣàn ọlọ́pàá. Ẹ sọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ máa ń dúró, ẹ tọ́ka sí abala 38, ẹ béèrè òfin tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á. Bí wọn kò bá dáhùn, tí ìhalẹ̀ náà sì ń lọ, abala 46 fún yín láyè láti lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni, nítorí òfin náà kan ẹ̀tọ́ tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n tẹ̀ lójú. Bí owó agbẹjọ́rò bá ju agbára yín lọ, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lọ́wọ́, ní ìpínlẹ̀ yín.

Bí wọ́n bá sì mú yín, ẹ má jà, ẹ má sá. Abala 35 sọ pé ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ẹ bá yàn sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ yín lè jẹ́ ẹni náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn yín fún yín ní kíkọ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé yín, kí wọ́n sì gbé yín dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Ọmọ ìjọ kan tí mo gba ẹjọ́ rẹ̀ rí fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí kò lè kà, pé òun dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni a fi tú okùn yẹn. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí wọn kò túmọ̀ fún yín. Béèlì ọ̀fẹ́ ni, obìnrin sì lè dúró fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ló sọ ti obìnrin onídùúró yìí. Òfin kan náà ni kò jẹ́ kí wọ́n mú ọkọ tàbí ọmọ yín dípò yín. Bí ilé-ẹjọ́ bá sọ pé wọ́n mú yín lọ́nà àìtọ́, àwọn tó mú yín yóò san owó gbà-máà-bínú fún yín, wọn yóò sì tọrọ àforíjì ní gbangba.

Kí Ọjọ́bọ̀ tí ẹ ó tún jáde tó dé, ẹ kọ nọ́ńbà agbẹjọ́rò yín àti ti pásítọ̀ sórí ìwé kékeré, kí olúkúlùkù fi í sí àpò, nítorí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà ní teṣàn.