Èsì: Ṣé irú fáírọ́ọ̀sì dẹ́ǹgì ló ń mú kí àìsàn náà le?

Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Ẹ béèrè bóyá irú fáírọ́ọ̀sì dẹ́ǹgì (àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri) tó wọ ara ẹni ló ń mú kó le. Ó ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Oríṣi mẹ́rin ni fáírọ́ọ̀sì yìí. Bí ọ̀kan bá mú ẹni tó sì lọ, mẹ́ta yòókù ṣì lè mú un, ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló sì léwu jù. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, tí ti àkọ́kọ́ fi sílẹ̀, á lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì tuntun láì lè pa á, wọn á tún wá ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ní Cuba, oríṣi kìíní jà ní 1977, oríṣi kejì dé ní 1981, ènìyàn 158 sì kú.

Síbẹ̀, oríṣi kan náà tún ní ẹ̀yà nínú. Ní Iquitos, ní Peru, oríṣi kejì jà ní 1995 láàárín àwọn tí oríṣi kìíní ti mú rí, àmọ́ dẹ́ǹgì líle tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà lára, tí wọ́n ń bẹ̀rù, kò wáyé. Ẹ̀yà ti Amẹ́ríkà ni. Ti Cuba wá láti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Lójú tèmi, ẹ̀rí tó lágbára jù nìyẹn pé irú fáírọ́ọ̀sì náà ní ipa tirẹ̀.

Níbí ní Ifẹ̀, ibà la máa ń pe gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí àyẹ̀wò ibà kò bá rí nǹkan, ó lè jẹ́ dẹ́ǹgì, ẹ má fún àbúrò yín ní aspirin tàbí ibuprofen, parasitamọ́ọ̀ ni. Bí ara gbígbóná bá ti ń rọlẹ̀ tí inú rírun líle, èébì léraléra tàbí ẹ̀jẹ̀ erìgì wá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.