Kò sẹ́ni tó ń gbowó orí àdírẹ́sì IPFS

Ìbéèrè: Mo gbé rárà tí bàbá mi sun sórí IPFS, ìyẹn ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì tó jáde bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Qm. Àwọn atẹ̀wé ní Tákié tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ìkésíni, kò ṣí. Ẹni tó bá mi gbé e sókè tún ní kí n máa sanwó lọ́dọọdún kí àdírẹ́sì náà má baà kú. Báwo ló ṣe yẹ kí n kọ ọ́? (Láti Ogbomoso)

Ìdáhùn: Ẹ dá owó yẹn dúró ná. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi í gbọ́. Orúkọ bíi .com ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. CID, ìyẹn Qm tó wà lọ́wọ́ yín, ara fáìlì fúnra rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ṣírò rẹ̀ jáde, bí ìlà ìka ṣe ń bá ọmọ wáyé. Kò sọ ibi tí fáìlì ń gbé rárá. Ẹ gé ìṣẹ́jú kan kúrò nínú rárà Bàbá, ẹ tún un gbé sókè, CID mìíràn pátápátá ni ẹ ó rí. Ti àkọ́kọ́ ò ní yí padà, ẹ sanwó o, ẹ ò san o.

Fáìlì ló lè pòórá. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà kankan tó gbé e dání lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì á pé, kò sì ní mú nǹkan kan jáde. Gbígbé e dání yìí là ń pè ní pinning, owó sì lè wọ̀ ọ́. N kò rí àdéhùn ẹ̀yin méjèèjì, n ò ní pe ẹnikẹ́ni ní gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í: kọ̀ǹpútà ta ló ń gbé e? Bó bá ń kálòlò, ẹ mú owó yín dání. Kẹ́ ẹ sì fi ohùn náà pamọ́ sí flash.

Ní ti káàdì: àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀. Qm ní ààmì 46, lẹ́tà ńlá àti kékeré rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Kò lo òdo, O ńlá, I ńlá tàbí l kékeré; bí ẹ bá rí ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n ti bà á jẹ́. Bí wọ́n bá fi ààmì ìdè (-) pín in sí ìlà méjì, ó tún ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìkọ̀wé rẹ̀ gan-an ni ipfs:// kí CID tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Chrome lásán kò mọ̀ ọ́n. Fún àwọn àlejò yín, ẹ kọ https://ipfs.io/ipfs/ kí CID tẹ̀ lé e. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ lọ sí cid.ipfs.tech, kó sọ Qm di èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bafy. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀. Òun ló sì ṣeé fi síwájú orúkọ ojúlé, bíi bafy….ipfs.dweb.link, torí orúkọ ojúlé kì í mọ lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ ààmì 59 tó wà nínú bafy sórí fóònù níbi òde? Ẹ fi QR code síbẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ ìyókù, ẹ gba káàdì kan, kí ẹ fi fóònù ẹni tí kò ṣí i rí yẹ̀ ẹ́ wò.