Ẹ Bi Màmá Olódòdó: Òjò Ti Dé, Igbó Náà Ti Dé

Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ tán tí lẹ́tà yín fi kún orí tábìlì mi lọ́nà Èjìnrìn níbí. Igbó ni gbogbo yín ń sunkún lé lórí. Mẹ́rin ni àyè gbà.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì síwájú ilé mi lọ́dún tó kọjá. Ní báyìí, ẹ̀kan ló ń yọrí káàkiri inú rẹ̀, ó sì ń gún àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú ọgbà fi ọkọ́ ro ó, ṣe ló tún pọ̀ sí i. Ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀ dànù ni? Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó.*

Bàbá Ìbejì, ẹ má tú u. Ọkọ́ yẹn gan-an ló ń bá ẹ̀kan ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ ń rí lókè yẹn kéré. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀, ìtàkùn funfun tó ní oríkèé bí ìrèké, tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ló lè hù. Bí ọkọ́ bá gé ìtàkùn kan sí mẹ́wàá, ẹ̀kan mẹ́wàá lẹ gbìn yẹn.

Ẹ dúró di ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí ilẹ̀ ti rọ̀. Fọ́ọ̀kì ìwalẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kan náà, ẹ fi gbé ilẹ̀ sókè, kí ẹ wá fi ọwọ́ tọ ìtàkùn náà lọ títí dé ibi tó parí sí. Bí ilẹ̀ yín bá ní iyanrìn, yóò fà wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tó le, ẹ óò làágùn. Ẹ sá gbogbo ohun tí ẹ bá fà sórí kọnkéré kí oòrùn gbẹ ẹ́ dáadáa. Bí ẹ bá kàn jù ú sẹ́yìn ọgbà, ẹ̀yìn ọgbà ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì dáná sun ún. Iná kì í dé ìtàkùn, ẹ̀yìn iná ni ẹ̀kan sì máa ń yọ òdòdó funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri.

Níbi tó ti pọ̀ jù, ẹ lè lo oògùn ìpakoríko tó ní glyphosate, nígbà tí ewé bá tutù tó sì ń dàgbà, torí ewé ló ń gbé oògùn lọ bá ìtàkùn. Kápẹ́ẹ̀tì yín náà á kú bó bá kàn án, nítorí náà ẹ má fọ́n ọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ rẹ àkísà sínú rẹ̀, kí ẹ fi nu ewé ẹ̀kan níkọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tó wà lára ike ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì jìnnà sí kànga. Bí wọ́n bá fẹ́ ta paraquat, oògùn ìpakoríko mìíràn, fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ kọ̀ ọ́. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, kò sì sí oògùn tó ń wo ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì.

Ibi tí ẹ ti fà á, ẹ ti kápẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, íǹṣì 6 síra wọn. Ilẹ̀ tó wà lófìfo ni igbó ń wá. Bí ẹ bá sì ń gé koríko, ẹ má gé e mọ́ ilẹ̀. Ẹ fi íǹṣì 2 sílẹ̀ kó lè ṣíji bo ilẹ̀. Ẹ̀kan kò fẹ́ òjìji.

*Màmá mi, mo fẹ́ gbin koríko tuntun báyìí kí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, lè jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Iléyá ku oṣù kan. Ìyá Rìsí, Ìjẹ̀bú-Òde.*

Ìyá Rìsí, ọmọ Aláre, oge yín ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ gbìn ín, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ fún bí oṣù méjì. Ẹ ta kánópì sójú kọnkéré lọ́dún yìí. Àga oníke àti gẹ̀lẹ̀ á dùn ún wò níbẹ̀ náà.

*Ọmọ mi ní Kánádà ní kí n fọ́n ajílẹ̀ sí koríko lóṣù kẹta, pé ìgbà ìrúwé ni. Bàbá kan, Ṣàgámù.*

Òótọ́ ni fún un níbẹ̀: yìnyín ló ń yọ́, koríko wọn ń jí kúrò nínú òtútù. Ọ̀dá ló pa tiyín. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ dunlẹ̀ ná, bí ìparí oṣù kẹrin. Ẹ fọ́n ajílẹ̀ NPK 15-15-15 nígbà tí omi bá gbẹ lára ewé, nǹkan bí gíráàmù 30 fún mítà kan níbùú àti lóòró, kí ẹ bomi rin ín. Bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa náà dára. Ìgbẹ́ màlúù ni mi ò fẹ́, irúgbìn igbó ló kún inú rẹ̀.

*Pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kún fún igbó jogbo àti ewé Akíntọ́lá. Èkó ni ẹni tó ni ín ń gbé. Gbogbo rẹ̀ ló ń ya wọ ọgbà mi. Àǹtí Fúnmi, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ.*

Àǹtí Fúnmi, àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ní inú irúgbìn igi gmelina láti Sri Lanka ni Akíntọ́lá fara pamọ́ sí tó fi wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1937. (Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Mi ò ní dán an wò ní Rẹ́mọ.) Àsìkò ni kí ẹ mọ̀. Jogbo ń yọ òdòdó bí òjò bá ń parí lọ, Akíntọ́lá sì ń tanná nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá gé wọn kí òdòdó tó là, ẹ ti gba ara yín lọ́wọ́ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Akíntọ́lá á tún rú láti gbòǹgbò, nítorí náà ẹ fa kùkùté rẹ̀ tu nígbà tí ilẹ̀ rọ̀.

Ẹ má sọ ewé jogbo nù o. Ajílẹ̀ gidi ni. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ kó o sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Igi rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sá gbẹ, torí ó ń hù bí ó bá kan ilẹ̀ tútù. Ẹ pe onílẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó wọlé síbẹ̀. Bó bá ní kò sówó, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ sì fi iye tí ẹ san fún alágbàṣe ránṣẹ́ sí i.